Ètò Ọ̀fẹ́ Tó Pa Ilà Ojú Bàbá Mi Rẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀ lórí ẹní, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe èyí tí èèyàn ń pariwo. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, àpò Màmá mi ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́bọ̀ ni wọn yóò gbéra. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tí kò lè rìn láti ilé wa dé mọ́ṣáláṣí Hamdalaye láìjókòó sinmi lẹ́ẹ̀mejì, ló fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì láti Ouagadougou, kó gba ilẹ̀ Benin kọjá, kó sì wá abúlé kan kàn lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò dé rí, láti lọ bẹ arúgbó kan pé kó gba òun gbọ́. Ráfíù, àbúrò mi, ni yóò mú un lọ. Gbogbo ẹni tó ń gbé ìlú yìí ló mọ bí ọ̀nà náà ṣe rí lásìkò yìí tí àwọn agbébọn wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á a máa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ará ilé rẹ̀ kó tó jáde. Ráfíù ń lọ nítorí ó gbà pé òun ló ba ohun tó bàjẹ́ jẹ́. Kò ba nǹkan kan jẹ́. Èmi ni. Mo mọ̀ ọ́n ṣe, mo sì dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Bàbá mi. Ọmọ Yorùbá ni, ìjà ló sì fi kúrò nílé. Kò sọ ohun tó dá ìjà sílẹ̀ láàárín òun àti bàbá tirẹ̀ fún ẹnikẹ́ni nínú wa. Ó wá sí Ouagadougou nígbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Káàdì ìdánimọ̀ ẹlòmíràn ló fi kọjá ẹnubodè, orúkọ tó wà lórí káàdì náà ló sì ń jẹ́ títí a fi sin ín. Orúkọ tí àwa ọmọ ń jẹ́ náà nìyẹn, orúkọ ọkùnrin kan tí a kò mọ̀ rí. Gbogbo ohun tó sọ fún Màmá kò ju orúkọ abúlé wọn lọ, àti pé Àyìndé ni oríkì òun. Àyìndé mélòó ló wà nílẹ̀ Yorùbá? Ọmọ ẹ̀yà Mossi ni Màmá ní tirẹ̀, láti ìhà Koudougou. Ẹnu Bàbá ló ti kọ́ Yorùbá, ó sì kọ́ ọ débi pé òun ló fi ń bú wa. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ogójì ọdún tí wọ́n fi jọ gbé, kò sí àna kankan tó wá kí i, kò sí ẹni tó pè é ní ìyàwó wa. Nígbà tí Bàbá kú, lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, àwọn ará mọ́ṣáláṣí ló bá wa sin ín. Ọjọ́ náà ni Màmá sọ pé ohun kan ṣoṣo ló kù tí òun ń fẹ́ láyé: kí ẹnì kan láti ilé ọkọ òun mọ̀ pé ọkùnrin náà kò ṣègbé, pé ó gbéyàwó, ó sì bímọ.

Bàbá fi gbogbo nǹkan sílẹ̀ nílé nígbà tó ń bọ̀, àfi ilà ojú rẹ̀. Gọ̀ǹbọ́ ni wọ́n kọ fún un lẹ́rẹ̀kẹ́ méjèèjì, ìbàmú sì dá imú rẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn ìyẹn, ilà kékeré kan tún wà lábẹ́ ojú rẹ̀ kan, tí Bàbá ní agbo ilé àwọn nìkan ló ń kọ ọ́. Màmá náà ní ilà tirẹ̀, bí àwọn Mossi ìgbà náà ṣe ń kọ ọ́, àwọn méjèèjì a sì máa fi ojú ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń jẹun. Èmi ni kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo wà ní kíláàsì kẹta, ọmọ ọdún mẹ́jọ, nígbà tí Bàbá wá mú mi nílé ìwé lọ́jọ́ kan. Ilà pọ̀ lójú àwọn àgbà ìlú yìí náà, ṣùgbọ́n èyí tó dá imú kọjá yẹn ṣàjèjì sí àwọn ọmọ. Wọ́n tẹ̀ lé wa dé títì, wọ́n ń kọrin pé "le balafré, le balafré," èyí tí í ṣe ẹni tí ọgbẹ́ ba ojú rẹ̀ jẹ́ lédè Faransé. Nígbà tí a délé, mo sọ fún Bàbá pé kó má wá mú mi mọ́. Ó ní ó dáa. Kò sì wá mọ́, kódà lọ́jọ́ tí wọ́n fún mi lẹ́bùn níwájú gbogbo òbí. Èmi náà ti di olùkọ́ báyìí, mo sì ń rí àwọn bàbá tó ń dúró de ọmọ wọn lẹ́nu géètì lójoojúmọ́.

Zangouettin la ń gbé kí wọ́n tó wó àdúgbò náà. Nígbà tí à ń kó lọ sí Hamdalaye, àpótí kékeré tí fọ́tò Bàbá wà nínú rẹ̀ ni Màmá gbé lé itan, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé e. Fọ́tò méje ni, gbogbo wọn láti ìgbà ọ̀dọ́ Bàbá, tí ilà ojú rẹ̀ hàn ketekete. Ṣùgbọ́n ohun tí kátákátá tí wọ́n fi wó ilé kò rí mú, ikán rí i. Nígbà tí a máa fi ṣí àpótí náà lọ́dún tó kọjá, ikán ti jẹ ẹ̀yìn fọ́tò mẹ́rin, ó sì ti ń bọ̀ lára àwọn yòókù. Ráfíù ń ṣiṣẹ́ nílé ìtẹ̀wé kan ní Samandin. Ó kó wọn lọ síbẹ̀, ó fi ẹ̀rọ ya gbogbo wọn, ó sì kó wọn sórí clé kékeré kan fún mi, ohun ìkó-nǹkan-pamọ́ tí à ń kì bọ kọ̀ǹpútà. Mo kó wọn sínú kọ̀ǹpútà ilé, mo nu gbogbo ohun tó wà lórí clé náà kúrò, mo fi kó ìdánwò àwọn ọmọ ilé ìwé mi. Bébà méjèèje tí ikán ti bà jẹ́ ńkọ́? Mo dáná sun wọ́n lẹ́yìn ilé, nítorí mi ò fẹ́ kí ikán wọ inú aṣọ mi. Mi ò sọ fún Màmá. Àbí kí ni mo fẹ́ sọ, nígbà tí gbogbo rẹ̀ ti wà nínú kọ̀ǹpútà?

Kọ̀ǹpútà náà, "France au revoir" ni, bí a ṣe ń pe ọjà àlòkù tó ti òkè òkun dé níbí. Mo rà á láti máa fi kọ ètò ẹ̀kọ́ mi. Ó dára, àmọ́ kò ní ètò tó lè ṣí irú àwòrán ńlá tí Ráfíù yà. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, á kàn máa sọ fún mi pé òun kò mọ irú nǹkan yìí. Ó wá di dandan kí a wá ètò kan tí a ó fi máa wo àwòrán, èyí tí a kò ní í sanwó lé. Ráfíù jókòó tì mí lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, fáànù ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná lé wa lórí, ó sì fi ètò mẹ́ta síbẹ̀ kí n lè yẹ̀ wọ́n wò. Àkọ́kọ́ kéré, àwọ̀ rẹ̀ rí bí eérú, bí o bá tẹ àwòrán, á ṣí, ó tán. Èkejì ń ṣí àwòrán kan tán ni yóò tún gbé ìpolówó kan jáde kó tó ṣí òmíràn. Ẹ̀kẹta ni tèmi. Ó láwọ̀, ó lè to àwòrán tẹ̀ léra wọn pẹ̀lú orin, ó sì ní òun lè tún fọ́tò tó ti gbó ṣe kó dà bí tuntun.

Ráfíù wo ẹ̀kẹta yìí, ó mi orí. Ó ní ètò tí à ń fi wo nǹkan kò yẹ kó máa tọwọ́ bọ nǹkan náà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ mú èyí tó kéré yìí. Wíwò nìkan ló ń wò. Ṣebí ohun tí a ń wá náà nìyẹn, d'accord?" Mo ní d'accord, mo gbà. Bó ṣe gun alùpùpù rẹ̀ lọ báyìí, mo padà sórí àga. Mo kọ́kọ́ fi ètò tó kéré náà ṣí fọ́tò méjèèje, mo sì rí Bàbá bó ṣe rí gan-an, ilà rẹ̀ pé. Ẹ rántí ìyẹn o. Fọ́tò náà kò ní àbùkù kankan nígbà tí Ráfíù fi lé mi lọ́wọ́. Àmọ́ ọkàn mi kò kúrò lára ètò aláwọ̀ yẹn. A ní ẹni tó bá fẹ́ràn ọ̀fẹ́ kì í bi í léèrè ohun tó ń jẹ. Mo pa èyí tó kéré rẹ́, mo fi ẹ̀kẹta sí ipò rẹ̀.

Ibi tí ó ṣòro fún mi láti sọ nìyí. Ètò náà kó fọ́tò méjèèje jọ, ó bi mí ní Faransé bóyá kí òun ṣàtúnṣe àwọn àbùkù ojú, ó sì fi àpẹẹrẹ hàn mí. Bàbá méjì ló wà níwájú mi. Ti apá òsì ní ilà, ti apá ọ̀tún kò ní. Ojú ti apá ọ̀tún ń dán bí ìgbà tí wọ́n fi òróró pa á, kò sí gọ̀ǹbọ́, kò sí ìbàmú, ó rí bí àwọn bàbá àwọn ọmọ yẹn, àwọn tó ń kọrin tẹ̀ lé wa. Mo tẹjú mọ́ ọn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí n purọ́ fún yín, inú mi dùn. Mo ní, ṣé ẹ rí i, bàbá mi lẹ́wà tẹ́lẹ̀! Ètò náà tún bi mí bóyá kí òun fi tuntun rọ́pò ti àtijọ́. Olùkọ́ ni mí, mo gbọ́ Faransé dáadáa. Mo mọ ohun tí rọ́pò túmọ̀ sí. Ọwọ́ mi dúró lórí ẹ̀rọ náà bí ìgbà tí èèyàn fẹ́ ka mẹ́wàá, mo sì tẹ oui, bẹ́ẹ̀ ni. Kí ló ń ṣe mí? Mo rò pé ọmọ ọdún mẹ́jọ kan ló tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ìka tèmi ni.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni Alhaji Mùfú dé. Ọmọ Nàìjíríà ni, ó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá sílùú yìí, kò mọ Bàbá rárá. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Ráfíù gbọ́ tó ń dárúkọ abúlé rẹ̀, ara rẹ̀ sì bù máṣọ. Abúlé Bàbá ni. Alhaji sọ pé bàbá arúgbó kan wà níbẹ̀, Bàbá Làmídì, tó máa ń sọ nípa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó bínú kúrò nílé tí ẹnikẹ́ni kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Òun nìkan ló kù nínú àwọn tó mọ ẹ̀gbọ́n náà lójú. Alhaji ní kí a fi fọ́tò ránṣẹ́ sórí WhatsApp òun, òun yóò fi ránṣẹ́ sí ọmọ arúgbó náà, kó gbé e hàn án. Nígbà tí Ráfíù wá sọ ọ́ nílé, Màmá fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó dìde, ó lọ wẹ̀, ó wọ aṣọ ọdún rẹ̀, ó sì jókòó sórí ẹní bí ẹni tó ń retí àlejò. Èmi ni mo fi fọ́tò náà ránṣẹ́. Ẹ ó bi mí pé ṣé mi ò rántí ni? Mo rántí. Mo ní kò sí ohun tó máa ṣe é, èèyàn a máa mọ ọmọ ìyá rẹ̀ nípa ojú àti ẹnu. Àti pé bí mo bá sọ̀rọ̀ nígbà náà, n óò sọ ohun tí mo ṣe.

Ọjọ́ mẹ́rin ni Màmá fi wọ aṣọ ọdún. Tí fóònù bá ti dún, á gbé orí sókè, á wò mí lẹ́nu. Ìyẹ̀fun tó ń rò kì í jinná mọ́, nítorí ibi tó ń wò yàtọ̀ sí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ wà. Lọ́jọ́ karùn-ún, Alhaji Mùfú wá fúnra rẹ̀. Kò jókòó. Ó fi fóònù sáàárín wa, ó jẹ́ kí ohùn arúgbó náà máa sọ̀rọ̀.

"Mùfútáù, ẹni tí o fi hàn mí yìí kì í ṣe ọmọ ilé wa. Wọ́n kọ ẹ̀gbọ́n mi nílà, ọjọ́ kan náà ni wọ́n kọ àwa méjèèjì. Sọ fún àwọn ọmọ náà kí wọ́n lọ wá bàbá wọn síbòmíràn."

Màmá ní ká tún un gbọ́. A tún un gbọ́. Ó ní, "Ṣùgbọ́n Àyìndé ní ilà." Ráfíù já fóònù mi gbà, ó wo fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́, ó sá lọ sídìí kọ̀ǹpútà, ó ṣí méjèèje. Mo ń wo ẹ̀yìn rẹ̀. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yíjú padà, ojú rẹ̀ ti rún bí aṣọ tí wọ́n fún kí wọ́n tó sá a. Ó ní òun ni. Ó ní ẹ̀rọ tí òun fi ya àwọn fọ́tò náà ní ohun kan tó ń pa eruku àti ìlà tó bá ha bébà rẹ́, pé òun tẹ̀ ẹ́ nítorí bébà náà ti gbó, òun kò sì ṣí wọn wò lẹ́yìn náà, pé ẹ̀rọ náà ti ní láti ka ilà Bàbá mọ́ ìlà tó ha bébà. Ó kúnlẹ̀ níwájú Màmá, ọkùnrin tó ti bímọ mẹ́ta, ó ń bẹ̀bẹ̀. Mo la ẹnu. Ẹ gbà mí gbọ́, mo la ẹnu. Ohun tó jáde ni pé kó má dá ara rẹ̀ lẹ́bi jù, àṣìṣe ẹ̀rọ ni. Ẹ̀yin èèyàn mi, irú ẹni wo ni mo jẹ́?

Ráfíù béèrè bébà, mo ní ikán ti jẹ ẹ́ tán. Ó béèrè clé, mo ní mo ti nu ohun tó wà lórí rẹ̀; òun náà kò sì fi ẹ̀dà kankan sílẹ̀ nílé ìtẹ̀wé. Káàdì tí Bàbá ṣe níbí lẹ́yìn náà, tí fọ́tò tirẹ̀ wà lórí rẹ̀, wọ́n ti gbà á ní bureau ìjọba nígbà tí a lọ gba ìwé ikú. Alhaji Mùfú ní ká má bínú, òun kò fẹ́ kí orúkọ òun bàjẹ́ nílé, àwọn tó ń fi fọ́tò èké wá ìdílé àti ogún ti pọ̀ jù. Láti ọjọ́ náà, tí a bá pè é, kì í gbé e. Nígbà náà ni Màmá sọ pé òun ń lọ. Ó ní fóònù lè purọ́, fọ́tò lè purọ́, ṣùgbọ́n òun ló wẹ ojú Àyìndé kẹ́yìn kí wọ́n tó dì í, òun yóò sì jókòó níwájú arúgbó náà, òun yóò ka ilà náà fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan èyí tí agbo ilé wọn nìkan mọ̀. Àjèjì wo ló lè mọ ìyẹn? Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má lọ. Mo sọ nípa ọ̀nà, mo sọ nípa orúnkún rẹ̀. Ó ní, "Barka, ọmọ mi, mo gbọ́," bí èèyàn ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri ọjà tí kò fẹ́ rà.

Ìrọ̀lẹ́ àná, lẹ́yìn ìrun alásárì, ó pè mí wá sórí ẹní. Ráfíù ti tẹ ọ̀kan nínú àwọn fọ́tò náà sórí bébà fún un, ó tóbi, ojú Bàbá ń dán nínú rẹ̀. Tìróò rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ó ní òun mọ̀ pé tìróò kì í ṣe ẹ̀rí, ṣùgbọ́n bí agara bá dá òun lọ́nà, tí ọ̀rọ̀ bá sọnù lẹ́nu òun, kí arúgbó náà lè rí i lórí bébà pé òun mọ ibi tí ilà kọ̀ọ̀kan wà. Ó na ọ̀pá náà sí mi.

Ó ní, "Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ìwọ ni kó o fà á. Ìwọ lo rí wọn kẹ́yìn nínú fọ́tò."

Mo wò ó. Kò bínú, kò gbé ohùn sókè, kò sì gbé ojú kúrò lára mi. Ṣé ó mọ̀ ni? Ta ló sọ fún un? Mo ti ọ̀pá bọ tìróò. Mo fa ìbàmú, ìyẹn kò ṣòro, nítorí òun ni wọ́n fi ń bú wa. Mo fa gọ̀ǹbọ́ kan lẹ́rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, mo fa ìkejì, ọwọ́ mi sì dúró. Mẹ́ta ni àbí mẹ́rin? Ilà kékeré tó wà lábẹ́ ojú, ṣé ojú ọ̀tún ni àbí ti òsì? Mo di ojú mi láti rí Bàbá. Mo rí bàtà rẹ̀. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ tó di báàgì ilé ìwé mi mú. Ojú rẹ̀ kò wá. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi jẹun níwájú ọkùnrin yẹn, tí mo fi kí i láàárọ̀, tí mo ń wo ilẹ̀, tí gbogbo èèyàn sì ń yìn mí pé mo níwà ọmọ Yorùbá.

Màmá wo ojú bébà náà. Ó wá ní, "Ṣé o ò wo ojú rẹ̀ rí ni?" Ó gba ọ̀pá náà lọ́wọ́ mi, ó fi ọwọ́ òsì di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú kó má bàa gbọ̀n, ó sì fa èyí tó kù. Mẹ́rin ni. Abẹ́ ojú òsì ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ní kọ̀ǹpútà nílé, bí ẹ bá fẹ́ wá ètò tí ẹ ó fi máa wo àwòrán àwọn èèyàn yín, ẹ mú èyí tó ń wò nìkan. Èyí tó bá ní òun fẹ́ bá yín tún wọn ṣe, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé kí ni àwọn èèyàn náà fi ṣẹ̀ yín. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, èmi ò tilẹ̀ júwe rẹ̀, mo pa á rẹ́ ni. Àmọ́ ìkìlọ̀ mi kò wúlò fún èmi alára mọ́, ìmọ̀ràn ni mo ń tọrọ. Ọ̀túnla ni Ọjọ́bọ̀. Ráfíù wà ní yàrá kejì báyìí, ó ń di ẹrù, mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ pé kó dárí àṣìṣe òun ji òun. Bí mo bá sọ fún un, ó lè má bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ láyé. Bí mi ò bá sọ, tí nǹkan sì ṣe wọ́n lọ́nà yẹn, ta ni n óò sọ ọ́ fún? Mo ti dìde dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láti àárọ̀. Ẹ bá mi sọ ọ́, ẹ̀yin àgbà: gbólóhùn wo ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀?